Ara Mi Yá, Kí Ni Mo Fẹ́ Lọ Wò?

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ gbé ìwé lé itan tí ẹ sì ń dọ́gbọ́n gbọ́ rédíò, ẹ fetí sílẹ̀. Ẹ má sá lọ, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kàn yín ju bí ẹ ti rò lọ.

Nígbà tí Yorùbá bá pàdé ara wọn, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń bèèrè ni pé, "Ṣé ara le?" Èsì rẹ̀ kò sì ju pé, "Ara le, a dúpẹ́." Bí ara bá sì ti le, ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn parí nìyẹn. A kì í lọ kí dókítà lásán. Orí fífọ́ ni í gbé wa lọ, tàbí ibà, tàbí inú rírun tí kò jẹ́ kí a sùn. Bí ẹnìkan bá sọ fún obìnrin tí ara rẹ̀ le koko pé kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò, yóò wò ó tìyanu-tìyanu, yóò ní, "Ara mi yá, kí ni mo fẹ́ lọ wò?" Mo ti gbọ́ gbólóhùn yìí lẹ́nu àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ìyá tí ó ń mú ọmọ wọn wá sí ilé-ẹ̀kọ́ wa. Òun ni mo fẹ́ dáhùn lónìí, nítorí pé àrùn kan wà tí ó jẹ́ pé ìgbà tí ara bá yá gan-an ni ó tọ́ kí a wá a lọ. Àrùn náà ni jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ibi tí gbogbo wa gbà wá sáyé ni mo ń sọ, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ fi ojú inú wo kèrègbè kékeré kan tí a dorí rẹ̀ kodò. Ikùn kèrègbè yẹn ni ilé-ọmọ, níbi tí oyún ń gbé títí oṣù mẹ́sàn-án yóò fi pé. Ọrùn kèrègbè náà, tí ó wà nísàlẹ̀, ni a ń pè ní ọrùn ilé-ọmọ. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni ó bò ó, bí awọ inú ẹnu wa. Awọ yìí, bí gbogbo ara ènìyàn, jẹ́ àkójọ àwọn ohun wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní sẹ́ẹ̀lì. Ojoojúmọ́ ni àwọn tí ó gbó ń kú tí àwọn tuntun sì ń rọ́pò wọn létòlétò, bí àwọn ọmọ kíláàsì kan ti ń jáde tí àwọn mìíràn ń wọlé. Jẹjẹrẹ ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn kan nínú wọn bá kọ etí ikún sí agogo, tí wọn kò jáde mọ́, tí wọ́n ń pọ̀ sí i lórí àga tí kì í ṣe tiwọn, títí wọn yóò fi fọ́ ògiri wọ yàrá kejì.

Ohun tí ó ń sọ wọ́n di aláìgbọràn bẹ́ẹ̀ ti di mímọ̀. Kòkòrò àìfojúrí kan ni, irú èyí tí a ń pè ní fáírọ́ọ̀sì. Orúkọ tí àwọn dókítà fún un ni HPV. Irú rẹ̀ lé ní 100, ṣùgbọ́n méjì péré nínú wọn, èyí tí ó gba nọ́ńbà 16 àti èyí tí ó gba nọ́ńbà 18, ni ó ń fa nǹkan bí 70 nínú gbogbo 100 jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ. Nípa ìbálòpọ̀ ọkùnrin àti obìnrin ni ó ń ràn. Kí ẹnikẹ́ni má tíì yọ ṣùtì o: ó wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí ó ti lọ́kọ tàbí tí ó ti láya ni ó ti ní in rí láìmọ̀. Obìnrin tí kò mọ ọkùnrin kankan yàtọ̀ sí ọkọ rẹ̀ lè ní in. Ẹni tí ó bá ń fi àrùn yìí ṣe ẹ̀rí ìṣekúṣe ń parọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ ni, irọ́ yẹn a sì máa mú kí obìnrin fi àìsàn pamọ́ títí tí kò fi ní àtúnṣe mọ́. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, ara fúnra rẹ̀ ni í lé kòkòrò náà jáde láàárín ọdún kan sí méjì. Lára àwọn díẹ̀, kì í lọ. Ó fìdí kalẹ̀ sí ọrùn ilé-ọmọ, ó ń ba ìwà àwọn sẹ́ẹ̀lì jẹ́ díẹ̀díẹ̀.

"Díẹ̀díẹ̀" yìí ni mo bẹ̀ yín kí ẹ dì mú. Láti ọjọ́ tí kòkòrò náà bá wọlé sí ọjọ́ tí ó bá di jẹjẹrẹ, ó sábà máa ń tó ọdún 15 sí 20. Obìnrin tí ó ní kòkòrò HIV lára tí kò sì lo oògùn rẹ̀, tirẹ̀ lè má ju ọdún 5 sí 10 lọ. Ọdún 15! Ọmọ tí a bí ní ọjọ́ náà yóò ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ní gbogbo àkókò yẹn, kò sí ìrora, kò sí ibà. Obìnrin náà ń jẹun, ó ń jó lóde ìgbéyàwó, ó ń bímọ pàápàá. Bí ẹnìkan bá yẹ̀ ẹ́ wò nígbà náà, yóò rí i pé ìrísí àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ti yàtọ̀. Kò tíì di jẹjẹrẹ, iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni a ó sì fi mú un kúrò. Bí ẹnikẹ́ni kò bá yẹ̀ ẹ́ wò, yóò dúró títí àrùn náà yóò fi fọhùn fúnra rẹ̀.

Ohùn rẹ̀ nìyí, kí àwọn ìyá gbọ́: ẹ̀jẹ̀ tí ó ń wá lẹ́yìn tí ọkọ àti aya bá pàdé, ẹ̀jẹ̀ tí ó yọ nígbà tí kì í ṣe àsìkò nǹkan oṣù, omi tí ń rùn, ẹ̀jẹ̀ lára àgbàlagbà tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró tipẹ́. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jẹ́ jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ó bá rí ọ̀kan nínú wọn, kí ó má dúró de ìgbà àyẹ̀wò kankan, kí ó lọ rí dókítà ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an.

Mo mọ olùkọ́ àgbà kan, obìnrin jẹ́jẹ́, tí a jọ ṣiṣẹ́ pọ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ tún yọ, inú rẹ̀ dùn. Ó ní òun tún ti di ọ̀dọ́, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì bá a fi ṣe àwàdà. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kò dá, ó ra àgbo. Lẹ́yìn àgbo, ó gbààwẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ni ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè dúró níwájú pátákó ìkọ̀wé mọ́. Ìgbà tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ àwọn dókítà, àrùn náà ti kúrò ní ọrùn ilé-ọmọ nìkan, ó ti dé ibi tí ọ̀bẹ iṣẹ́ abẹ kò lè lé e dé. Wọ́n ṣe ìwọ̀n tí wọ́n lè ṣe. Kò lò ju ọdún kan ààbọ̀ lọ lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí ó ń dùn mí jù ni pé obìnrin yìí kì í fi ohunkóhun falẹ̀. Bí ọmọ kan bá pa ilé-ẹ̀kọ́ jẹ ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ìyá ọmọ náà yóò ti gbọ́ kí agogo ìṣíwọ́ tó lù.

Ta ni ó kọ́kọ́ mọ̀ pé a lè rí àrùn yìí kí ó tó fọhùn? Ará ilẹ̀ Gíríìsì kan ni, George Papanicolaou ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní 1883. Ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, ó sì kó lọ sí Amẹ́ríkà pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ ní 1913. Ní ìlú New York, iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa fi maikirosikópù, awò tí í sọ ohun kékeré di ńlá, wo àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó bá rí ní ojú ara ẹranko kéékèèké. Nígbà tí ó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ti obìnrin. Ìyàwó rẹ̀, Andromache, tí wọ́n ń pè ní Mary, ni ó fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún un fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó máa mú nínú omi ara òun wò. Àwọn tí ń pìtàn a máa dárúkọ ọkọ, wọn a gbàgbé ìyàwó. Èmi kò ní gbàgbé rẹ̀. Ní ọjọ́ kan ni ọkùnrin yìí rí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ lórí dígí tí ó mú lára obìnrin kan, ó rí i kedere. Ó sọ ọ́ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1928, ṣùgbọ́n wọn kò kà á sí. Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ó di 1941 kí òun àti Herbert Traut, dókítà àwọn obìnrin, tó kọ ìwé kan jáde tí ó jẹ́ kí àwọn oníṣègùn gbà pé òótọ́ ni. Ọdún 13 ni ìyẹn. Papanicolaou kú ní 1962, ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pe àyẹ̀wò náà títí di òní yìí: àyẹ̀wò Pap.

Ṣùgbọ́n kí ohun kan wà lọ́tọ̀, kí ó kan ènìyàn lára lọ́tọ̀. Ní 1951, ọdún 10 lẹ́yìn tí ìwé yẹn jáde, obìnrin aláwọ̀ dúdú kan tí ń jẹ́ Henrietta Lacks lọ sí ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní ìlú Baltimore, ní Amẹ́ríkà. Ọmọ márùn-ún ni ó bí. Ó ní òun ń rí ẹ̀jẹ̀ tí kò yẹ, ó sì dà bí ẹni pé kókó kan wà nínú òun. Jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ ni. Àyẹ̀wò tí ì bá ti rí i tẹ́lẹ̀ ti wà láyé, ṣùgbọ́n kò tíì di ohun tí a ń ṣe fún gbogbo obìnrin. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún náà, Henrietta kú, ọmọ ọdún 31. Àwọn dókítà ti gé díẹ̀ lára kókó náà láìtọrọ àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ìwà tí kò tọ́ ni, wọ́n sì rí i pé àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kò kú nínú ìgò bí ti àwọn ẹlòmíràn. Títí di òní wọ́n ṣì ń pọ̀ sí i ní àwọn ilé ìwádìí káàkiri ayé. Nígbà tí Harald zur Hausen, ọmọ Jámánì, àti àwọn tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ rí HPV nọ́ńbà 16 ní 1983 àti nọ́ńbà 18 ní 1984, wọ́n bá nọ́ńbà 18 nínú sẹ́ẹ̀lì Henrietta. Ohun tí ó pa á ni wọ́n rí yẹn. Wọ́n fún zur Hausen ní ẹ̀bùn Nobel ní 2008. Láti ara ìmọ̀ yìí ni abẹ́rẹ́ àjẹsára tí n óò sọ fún yín láìpẹ́ ti jáde.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1988, ìjọba ṣe ètò kan tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Wọn kò dúró de kí obìnrin rántí. Ìwé ni í wá bá a nílé pé àkókò àyẹ̀wò rẹ ti tó o, wá. Bí kò bá lọ, wọ́n tún kọ òmíràn. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ó ń gbé London mọ ìwé náà dáadáa. Iye obìnrin tí àrùn yìí ń pa níbẹ̀ ti wálẹ̀ gan-an láti ìgbà náà. Kì í ṣe pé obìnrin Gẹ̀ẹ́sì gbọ́n ju tiwa lọ. Ìpè ni ó ń wá bá wọn.

Níhìn-ín, kò sí ẹni tí yóò kọ̀wé sí wa. Ní Nàìjíríà, bí a bá mú jẹjẹrẹ ọmú kúrò, èyí ni jẹjẹrẹ tí ó ń mú obìnrin jù. Àwọn tí ń ṣírò irú nǹkan báyìí fún Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé ní 2022 nìkan, ó pa obìnrin tí ó lé ní 7,000 ní ilẹ̀ wa. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ mọ ìṣirò, ẹ fi ọjọ́ 365 pín in: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 20 lójúmọ́. Ní gbogbo ayé, nǹkan bí 350,000 ni, àwọn tí ó sì pọ̀ jù lọ nínú wọn wà ní àwọn ilẹ̀ tí kò lówó.

Mo ti ń rò ó pé, bí ìjọba kò bá tíì lè pè wá, kí ló dé tí àwa kò fi lè pe ara wa? Àwa obìnrin Yorùbá mọ ẹgbẹ́ ṣe. A mọ bí a ti ń kó ara jọ ra aṣọ ẹbí, a mọ bí a ti ń dá èésú, alága ẹgbẹ́ a sì máa ta ẹni tí kò bá wá sí ìpàdé ní owó ìtanràn. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ mú ọjọ́ kan láàárín ọdún, kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tí ó ti tó ẹni ọdún 30 jọ lọ sí ilé ìwòsàn. Bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n wọ aṣọ ẹgbẹ́ lọ. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà yóò rí ẹni tí yóò dì í lọ́wọ́ mú.

Ẹ má sì rò pé ẹ̀rọ ńlá ni a fẹ́ lò. Ọ̀nà kan wà tí ó jẹ́ pé ọtí kíkan ni wọ́n ń lò, irú èyí tí a ń pè ní fíníkà, tí a bu omi là títí kò fi le mọ́. Nọ́ọ̀sì tàbí agbẹ̀bí tí wọ́n ti kọ́ yóò fi òwú tọ́ ọ sí ọrùn ilé-ọmọ, yóò dúró fún ìṣẹ́jú kan, yóò sì tan iná wò ó. Ibi tí ó dára yóò wà bí ó ti wà. Ibi tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ti ń yí padà yóò funfun. Ní ìlú Mumbai, ní ilẹ̀ Íńdíà, dókítà Surendra Shastri àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ àwọn obìnrin àdúgbò tí kì í ṣe dókítà ní iṣẹ́ yìí. Obìnrin tí ó lé ní 150,000 ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì, wọ́n ń yẹ ìdajì wò ní ọdún méjì méjì. Nígbà tí wọ́n kéde èsì rẹ̀ ní 2013, ikú láti ọwọ́ jẹjẹrẹ yìí ti fi 31 nínú 100 dín kù láàárín àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò. Ọtí kíkan ni o, àti òwú, àti iná, àti ojú ènìyàn.

Ẹni tí yóò sọ fún ẹlòmíràn pé kí ó lọ, ó yẹ kí òun náà ti lọ. Mo lọ. Wọ́n ní kí n dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n da aṣọ bò mí. Nọ́ọ̀sì mú ohun èlò kan tí ó dà bí ẹnu pẹ́pẹ́yẹ, ó ní, "Ẹ mí kanlẹ̀, mà, ẹ má ki ara yín." Ó tutù, kò sì dùn mọ́ ara, n kò ní purọ́, ṣùgbọ́n kò tó ìrora abẹ́rẹ́. Kò tó àkókò tí mo fi ń pe orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì mi láàárọ̀ tí ó fi parí. Nígbà tí mo jáde, ìyá kan tí ń ta èlùbọ́ jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó ti fẹ́ dìde lọ sílé.

"Tíṣà, ṣé ó dùn yín?"

"Rárá, Ìyá. Ó kàn tutù ni."

"Ṣé ọkùnrin ni ó wà níbẹ̀?"

"Obìnrin ni, Ìyá. Ọmọ tí ẹ lè bí ni."

"Ó dáa. Ẹ bá mi mú báàgì mi dání."

Wọ́n rí ibi funfun lára tirẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀rọ kan tí ń lo òtútù pa ibẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé. Wọ́n ní kí ó padà wá lẹ́yìn ọdún kan kí wọ́n tún wò ó. Ó padà lọ. Èlùbọ́ rẹ̀ ni a ń rà nílé wa, ó sì ti gbówó lé e.

Àwọn kan yóò sọ pé, "Bí mo bá mọ̀, ẹ̀rù ni yóò pa mí." Mo mọ ẹ̀rù náà, kì í ṣe ohun ẹ̀gàn. Ṣùgbọ́n dókítà kọ́ ni ó ń fi àrùn sí ara. Ohun tí ó bá wà níbẹ̀ wà níbẹ̀, yálà a mọ̀ tàbí a kò mọ̀. Àwọn mìíràn yóò ní àwọn ti fi ọ̀rọ̀ náà lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Èmi náà ń gbàdúrà, ẹnìkan kò sì sọ fún mi rí pé ẹni tí ó ń gbàdúrà kò gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ lálẹ́.

Ẹ̀yin baba, mo mọ̀ pé ẹ ń gbọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ìyàwó kò lè lọ bí ọkọ kò bá ní kí ó lọ, tàbí kí ọkọ kọ́kọ́ béèrè pé kí ni ó rí tí ó fi fẹ́ lọ ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Kò rí nǹkan kan. Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ẹ fún un ní owó ọkọ̀, ẹ sì bá a lọ bí àyè bá wà. Ọkùnrin ni kòkòrò náà máa ń gba ara rẹ̀ kọjá sí ara obìnrin láìjẹ́ kí ó mọ̀, nítorí náà kò sí baba tí ọ̀rọ̀ yìí kò kàn.

Wàyí o, ẹ̀yin ọmọbìnrin, ó kàn yín. Láti 2006 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára kan ti wà tí kì í jẹ́ kí àwọn tí ó burú jù nínú HPV ráyè wọ ara. Ìgbà tí ó dára jù láti gbà á ni ìgbà ọmọdé, kí ọmọ tó mọ ọkùnrin rárá. Ní oṣù kẹwàá 2023, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin tí ó wà láàárín ọdún 9 sí 14, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, láìgba kọ́bọ̀. Èkó, Ògùn àti Ọ̀ṣun wà nínú àwọn ìpínlẹ̀ tí ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀yọ́, Òǹdó, Èkìtì àti Kwara tẹ̀lé wọn ní 2024. Àhesọ sì gba ìlú kan pé abẹ́rẹ́ náà ni yóò jẹ́ kí àwọn ọmọ wa yàgàn. Irọ́ ni. Jẹjẹrẹ yìí gan-an ni í jẹ́ kí wọ́n gé ilé-ọmọ kúrò nínú obìnrin tí kò tíì bímọ tán. Ní Scotland, níbi tí wọ́n ti ń fún àwọn ọmọbìnrin ní abẹ́rẹ́ yìí nílé-ẹ̀kọ́ láti 2008, àwọn onímọ̀ wo ìwé àkọsílẹ̀ wọn, wọ́n sì kéde ní 2024 pé nínú gbogbo àwọn tí ó gbà á pé ní ọmọ ọdún 12 tàbí 13, wọn kò rí ẹyọ ẹnìkan tí jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ mú. Ẹyọ kan! Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ náà kì í wo kòkòrò tí ó ti wọlé tẹ́lẹ̀ sàn, kò sì dí gbogbo irú rẹ̀, nítorí náà ọmọ tí ó gbà á lónìí yóò ṣì lọ ṣe àyẹ̀wò nígbà tí ó bá dàgbà.

Ó yẹ kí n sọ ibi tí agbára àyẹ̀wò mọ. Ó lè fo ohun tí ó wà níbẹ̀ dá, ìdí nìyẹn tí a fi ń tún un ṣe. Bí wọ́n bá sì sọ pé àwọn rí nǹkan, kì í ṣe pé jẹjẹrẹ ti dé. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò tíì dé, ìyẹn ni a sì ń wá. Ohun tí ó ń bí mi nínú ni àwọn tí ó ṣe àyẹ̀wò tí wọn kò padà lọ gba èsì rẹ̀. Ìyẹn dà bí kí ènìyàn jókòó ṣe ìdánwò, kí ó má lọ wo orúkọ rẹ̀ lára ògiri. Kì í sì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn kéékèèké ni ó lè ṣe é. Àwọn mìíràn yóò ní kí ẹ lọ sí ọsibítù ìjọba tí ó tóbi, tàbí ti yunifásítì. Ẹ lọ. Jẹjẹrẹ ọmú àti èyí tí ń mú àwọn baba wà lọ́tọ̀, ọ̀nà tí a ń gbà wá wọn sì yàtọ̀. N óò sọ̀rọ̀ lórí wọn ní ọjọ́ mìíràn.

Àwọn kan ti ń bi mí ní ìbéèrè nípa bí wọn yóò ti ṣe é, ẹ jẹ́ kí n dáhùn kí àkókò mi tó tán. Láti ẹni ọdún 30 ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó ní HIV, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti 25. Bí ó bá jẹ́ àyẹ̀wò tí ń wá kòkòrò HPV fúnra rẹ̀ ni ẹ rí ṣe, èyí tí ó dára jù lónìí, tí kò sì bá nǹkan kan, ẹ lè dúró tó ọdún 5 kí ẹ tó ṣe òmíràn. Obìnrin lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ohun tí wọn yóò yẹ̀ wò nínú èyí, bí ojú bá ń tì í. Bí ó bá jẹ́ ti ọtí kíkan tàbí ti Pap, ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni. Ẹni tí ó ní HIV, tirẹ̀ gbọ́dọ̀ yá ju báyìí lọ; dókítà rẹ̀ yóò sọ iye ọdún fún un. Ẹ má lọ nígbà tí ẹ bá ń ṣe nǹkan oṣù, ẹ má sì fi ọṣẹ tàbí oògùn fọ inú fún ọjọ́ méjì ṣáájú.

Ìyá àgbà kan ránṣẹ́ sí mi pé òun ti lé ní 50, òun kò sì ṣe é rí, ṣé ó ti bọ́? Kò tíì bọ́, Ìyá. Ẹni tí ó ti ń ṣe é déédéé tí èsì rẹ̀ sì dára ni ó lè sinmi lẹ́yìn 50. Ẹ̀yin ní láti lọ. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, ẹ má sọ pé inú ni ó ń run yín tàbí pé ẹ kàn ní kí ẹ wá kí wọn. Ẹ sọ ọ́ bó ti rí: "Mo fẹ́ ṣe àyẹ̀wò ọrùn ilé-ọmọ. Ara mi yá."